Ilé òkúta, ilé pákó: ìbéèrè àti ìdáhùn nípa àwọn ilé àtijọ́ Filipínì

Láti ìgbà tí mo ti ń fi fọ́tò àwọn ilé yìí ránṣẹ́ sílé ni ìbéèrè ò ti tán lẹ́nu àwọn èèyàn mi. Mo kó èyí tó wọ́pọ̀ jù jọ síbí. Ìdáhùn kan á gùn, òmíràn ò ní ju gbólóhùn mélòó kan lọ.

Ta ló kọ́ àwọn ilé yìí gan-an? Ṣé àwọn ará Sípéènì náà ni?

Àwọn ará Sípéènì ló ń jọba, àwọn ló sì gbé àwòrán ilé tí wọ́n mọ̀ nílùú wọn wá. Ṣùgbọ́n ọmọ ìbílẹ̀ àti àwọn ará Ṣáínà ló gbẹ́ òkúta, àwọn náà ló la gẹdú, tí wọ́n sì rẹ́ ògiri. Miguel López de Legazpi, gómìnà àkọ́kọ́ tí Sípéènì fi síbẹ̀, fi Manila ṣe olú ìlú ìjọba wọn ní Filipínì ní 1571. Ní 1898 ni ilẹ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà, ó sì di 1946 kí Amẹ́ríkà tó fi wọ́n sílẹ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, òyìnbó kọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé ilé ńlá wọ̀nyí. Ẹ máa bá oníṣòwò tí baba ńlá rẹ̀ ti Ṣáínà wá, tí ìyá ńlá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀. Ẹ máa bá olóko ìrèké, ẹ máa bá ìdílé olóyè ìlú kéékèèké.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ń pè é ní «ilé Sípéènì». Orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ni *bahay na bato*, ìyẹn ilé òkúta. Orúkọ yẹn náà kò sì pé tán, torí pákó ni ìdajì ilé ọ̀hún.

Kí ló dé tí ìsàlẹ̀ fi jẹ́ òkúta, tí òkè jẹ́ pákó?

Iná ló kọ́kọ́ fà á, ìmìtìtì ilẹ̀ sì parí ẹ̀.

Ọparun, pákó àti ewé ni wọ́n fi kọ́ Manila àkọ́kọ́. Ní 1583, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìsìnkú gómìnà Gonzalo Ronquillo nínú ṣọ́ọ̀ṣì San Agustin, iná àbẹ́là ran aṣọ tí wọ́n fi ṣe pósí lọ́ṣọ̀ọ́, ó sì jó ìlú náà kanlẹ̀. Wọ́n bá yíjú sí òkúta. Ògiri nípọn, amọ̀ sísun wà lórí òrùlé, ọkàn wọn balẹ̀. Ó di ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá, ọdún 1645, ilẹ̀ mì, àwọn ilé òkúta náà sì wó lu àwọn tó wà nínú wọn mọ́lẹ̀.

Ẹni tí iná ń jẹ pákó rẹ̀, tí ilẹ̀ ń wó òkúta rẹ̀, kí ni yóò ṣe? Àwọn kọ́lékọ́lé padà sídìí ilé tí ọmọ ìbílẹ̀ ti ń gbé kí òyìnbó tó dé, *bahay kubo*. Orí òpó ni ilé yẹn máa ń wà, ó ga kúrò nílẹ̀ kí omi má bàa wọ̀ ọ́. Wọ́n máa ń fi àlàfo sáàárín ọparun tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa gba ìsàlẹ̀ fẹ́ wọlé, òrùlé ewé rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó kí òjò má lè dúró lórí ẹ̀. Wọ́n mú egungun ilé kékeré yìí, wọ́n sọ ọ́ di ńlá. Odindi ìtì igi ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ tí yóò sì lọ tààrà dé abẹ́ òrùlé. Àwọn òpó wọ̀nyí ló ru àjà òkè. Ògiri òkúta tó yí wọn ká nísàlẹ̀ dà bí aṣọ ìbora: olè ò lè já a, iná àdúgbò ò lè tètè ràn án, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló gbé ilé dúró. Bí ilẹ̀ bá mì, òpó á fì síwá fì sẹ́yìn, pákó òkè á máa han, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á padà sí àyè ẹ̀.

Àlùfáà Jesuit kan, Francisco Ignacio Alcina, pè é ní *arquitectura mestiza* lọ́dún 1668. *Mestizo* ni wọ́n máa ń pe ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ìran méjì pàdé lára rẹ̀, ẹ sì rí i pé orúkọ náà bá ilé yìí mu. Àtúnṣe kan tún dé lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ti 1880: amọ̀ sísun orí òrùlé ti ja lu èèyàn tó, ni ọ̀pọ̀ onílé bá fi páànù rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá rí páànù lórí ilé àtijọ́ tó rẹwà, ẹ má rò pé owó ló tán lọ́wọ́ onílé.

Tí mo bá wọ inú ọ̀kan nínú wọn, kí ni kí n wò?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ilẹ̀kùn ńlá tó kọjú sí títì máa gbé yín wọ *zaguan*, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ níbi tí kẹ̀kẹ́ ẹṣin ń gbà wọlé. Òkúta tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀, *piedra china* ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó o ti Ṣáínà bọ̀ kí ọkọ̀ lè wúwo dáadáa lójú òkun. Ibẹ̀ náà ni wọ́n máa ń tọ́jú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gbé ère ẹni mímọ́ yí ìlú ká nígbà ọdún. Kò sẹ́ni tó ń sùn nísàlẹ̀. Ó tutù, ó ṣókùnkùn, ẹrù àti ẹṣin ló ni ín.

Ẹ gun àtẹ̀gùn, gbogbo nǹkan á yí padà. Ẹsẹ̀ yín á bọ́ sórí pákó gbígbòòrò tí ẹsẹ̀ ìran mẹ́ta mẹ́rin ti fọ̀ dán. *Caida* lẹ máa kọ́kọ́ dé, ibi tí wọ́n ti ń gba àlejò tí wọn ò tíì mọ̀ dáadáa. Ẹni tí wọ́n bá mọ̀ ló ń wọ *sala*, pálọ̀ gan-an.

Ẹ wá súnmọ́ fèrèsé. Ibẹ̀ ni mo máa ń pẹ́ sí jù. Dípò gíláàsì, ìkarahun *capiz* ni wọ́n gé sí onígun mẹ́rin kéékèèké, tí wọ́n tò sínú férémù pákó bí ẹni tẹ́ pátákó ayò. Ìkarahun yìí pẹlẹbẹ, ó sì fẹ́lẹ́. Oòrùn tó ń ta èèyàn lára níta á gba inú rẹ̀ wọlé ní ìmọ́lẹ̀ funfun jẹ́jẹ́, bíi pé wọ́n bu wàrà sínú omi. Fèrèsé náà kì í ṣí síta. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń tì í sí, lórí ipa tí wọ́n gbẹ́ sínú igi, ó sì lè ṣí fẹ̀ débi pé ògiri á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Ní abẹ́ rẹ̀, nítòsí ilẹ̀, ẹ máa rí fèrèsé kékeré mìíràn tí wọ́n ń pè ní *ventanilla*, pẹ̀lú ọ̀pá pákó tí kò ní jẹ́ kí ọmọdé já bọ́. Tí òjò bá ń rọ̀ tí wọ́n ti ti tòkè, atẹ́gùn á ṣì máa gba ìsàlẹ̀ fẹ́ sí ẹni tó jókòó tàbí tó sùn sílẹ̀. Ẹ gbójú sókè, ẹ máa rí pákó tí wọ́n gbẹ́ bíi léèsì lórí ògiri àárín yàrá sí yàrá. Ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tiẹ̀ ni kí ooru lè rí ọ̀nà gbà jáde.

Ẹ̀yìn pátápátá ni ilé ìdáná, pẹ̀lú *azotea*, ìta gbangba olókùúta níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ. *Aljibe*, kànga tí wọ́n ń gba omi òjò sí, kì í jìnnà síbẹ̀.

Ọjọ́ kan péré ni mo máa lò ní Manila. Ibo ni kí n lọ?

Intramuros, ìlú àtijọ́ tó wà nínú odi. Ẹ lọ kí oòrùn tó mú.

Ẹ kọ́kọ́ wọ San Agustin, tí wọ́n parí kíkọ́ rẹ̀ ní 1607. Kìnnìún olókùúta láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì yìí. Ilé ìṣọ́ agogo kan ló kù fún un. Ilẹ̀ mímì ba èkejì jẹ́ ní ọ̀rúndún 19, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Tí ẹ bá wọlé, ẹ gbójú sókè. Òdòdó àti àwọn ọnà tí ẹ máa rò pé wọ́n gbẹ́ jáde lára àjà, ọ̀dà lásán ni. Àwọn ará Ítálì méjì, Cesare Alberoni àti Giovanni Dibella, ló kùn ún ní 1875. Ibojì Legazpi wà nínú ibẹ̀, ilé àwọn àlùfáà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ti di mùsíọ́ọ̀mù.

Láti ibẹ̀ ẹ rìn lọ sí Fort Santiago, odi àwọn ológun Sípéènì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti José Rizal, òǹkọ̀wé tí Filipínì ń pè ní akọni wọn, mọ́ kí wọ́n tó yìnbọn pa á ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kejìlá, ọdún 1896. Wọ́n fi irin ṣe ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láti ibi tí wọ́n tì í mọ́ lọ síta. Èmi ò lè tẹ̀ ẹ́. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ẹ máa rí i pé Intramuros ní àyè òfìfo púpọ̀ fún ìlú tó lé ní 400 ọdún. Láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹta 1945, ogun Amẹ́ríkà àti ti Jàpáànù jà ní Manila ní òpópónà sí òpópónà. Nǹkan bí 100,000 ará ìlú ló bá a lọ. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì méje tó wà nínú odi, San Agustin nìkan ló dúró.

Ẹnì kan sọ fún mi pé ayédèrú ni Casa Manila. Ṣé òótọ́ ni?

Casa Manila ni ilé mùsíọ́ọ̀mù kan nínú Intramuros. Ayédèrú ti le jù, ṣùgbọ́n ilé tuntun ni. Ọdún 1980 sí nǹkan ni wọ́n kọ́ ọ, ní àwòkọ́ṣe ilé kan tó ti wà rí ní òpópónà Calle Jaboneros ní Manila láti nǹkan bí 1850. Àwọn tó kọ́ ọ ò fi bò. Àga, ibùsùn pàǹkẹ́rẹ́ àti àwo inú rẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́. Fún ẹni tó fẹ́ mọ bí yàrá ṣe ń tẹ̀ lé yàrá, kò sí ibi tó rọrùn jù ú lọ nínú Manila. Ẹ ṣáà mọ ohun tí ẹ ń wò. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ máa bi amọ̀nà ní gbogbo ibi tí ẹ bá dé náà nìyẹn: èwo ló jẹ́ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, èwo ni wọ́n tún kọ́? Amọ̀nà tó mọṣẹ́ kì í bínú sí i.

Ìlú Vigan ní àríwá ńkọ́? Ṣé ó tó ìrìn náà?

Ó tó o. Ọ̀nà jìn láti Manila, mọ́tò lè gbà tó wákàtí mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ogun gbà lọ́wọ́ Manila ṣì wà níbẹ̀. Juan de Salcedo, ọmọ ọmọ Legazpi, ló dá a sílẹ̀ fún Sípéènì ní 1572. UNESCO sì fi í sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 1999. Bíríkì ni ọ̀pọ̀ ògiri ibẹ̀, wọ́n wá fi ẹfun rẹ́ ẹ. Níbi tí ìrẹ́ náà bá ti bó, ẹ máa rí bíríkì pupa tó ń yọjú.

Gbogbo ayé ló ń ya fọ́tò ní òpópónà Calle Crisologo, ẹ̀yin náà á yà á. Ẹ lọ lówùúrọ̀ kùtù kí àwọn ọlọ́jà tó tẹ́ igbá, tàbí lálẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ ẹṣin nìkan ń dún kò-kò-kò lórí òkúta. Lẹ́yìn náà ẹ yà sí Syquia Mansion, ilé ìdílé ìyàwó Elpidio Quirino tó di ààrẹ orílẹ̀-èdè náà. Ẹ má sì fo ilé Bàbá José Burgos, àlùfáà tí ìjọba Sípéènì pa pẹ̀lú àlùfáà méjì mìíràn ní 1872.

Wọ́n ní UNESCO mú ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rin. Ṣé gbogbo ẹ̀ ni kí n rí?

1993 ni wọ́n mú wọn: San Agustin ti Manila, Santa Maria ní Ilocos Sur, Paoay ní Ilocos Norte, àti Miagao ní erékùṣù Panay. Ẹni tó bá lọ sí Vigan lè rí Santa Maria àti Paoay nínú ìrìn kan náà. Miagao nílò ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Iloilo.

Tí ẹ bá máa mú ẹyọ kan, ẹ mú Paoay. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1710. Ògiri àtìlẹ́yìn 24 ló yí i ká, wọ́n gbòòrò, wọ́n sì rọra ń tẹ̀ sílẹ̀ bí àgbàlagbà tó fi ọwọ́ ti ìbàdí. Iṣẹ́ wọn ni kí ògiri má bàa ṣubú tí ilẹ̀ bá mì. Ilé agogo rẹ̀, tí wọ́n fi òkúta iyùn inú òkun kọ́, dá dúró lọ́tọ̀, kí ó má bàa wó lu àwọn olùjọsìn.

Miagao ti 1797 ní tirẹ̀, iwájú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró sí. Wọ́n gbẹ́ Kírísítófà Mímọ́ tó gbé Jésù ọmọdé sí èjìká, bí àwọn ayàwòrán Yúróòpù ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n igi àgbọn ló dì mú, ìbẹ́pẹ àti gúáfà sì wà níbẹ̀. Ọmọ ìbílẹ̀ tó gbẹ́ ẹ kò rí igi tó dára ju ti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lọ, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ṣé wọ́n ṣì ń wó ni, nígbà tí ilẹ̀ bá mì?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní oṣù kẹwàá 2013, ìmìtìtì ilẹ̀ tí òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 7.2 ba àwọn ṣọ́ọ̀ṣì erékùṣù Bohol jẹ́: ti Loon àti Maribojoc wó lulẹ̀, ti Loboc àti Baclayon fara pa gidigidi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àtúnṣe wọn gbà. Ní oṣù keje 2022 òmíràn ṣẹlẹ̀ ní Abra, tí kò jìnnà sí Vigan, ó fọ́ nǹkan ní Vigan, ó sì ba ilé agogo Bantay tó wà nítòsí jẹ́. Tí ẹ bá bá páìpù àti pákó àtẹ̀gùn àwọn òṣìṣẹ́ lára ilé kan, inú mi máa ń dùn tí mo bá rí i. Ó fi hàn pé ẹnì kan ń tọ́jú rẹ̀.

Èló ni owó ìwọlé?

Láti 2016, ọ̀fẹ́ ni mùsíọ́ọ̀mù ìjọba, National Museum of the Philippines. Ilé iṣẹ́ ọnà rẹ̀ ní Manila, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àtijọ́ ni. 1926 ni wọ́n parí rẹ̀, ogun 1945 fọ́ ọ, wọ́n sì tún un kọ́. Bí ẹ bá ṣe ń wọlé lẹ máa pàdé *Spoliarium*, àwòrán ńlá tí Juan Luna fi gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ní Madrid ní 1884. Ẹ jókòó síwájú ẹ̀ díẹ̀. Àwọn ilé tí ìdílé ń tọ́jú fúnra wọn máa ń gba owó díẹ̀, ẹ mú owó ṣẹ́ńjì lọ. Ọ̀pọ̀ mùsíọ́ọ̀mù kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé. Ẹ yẹ ojú ìwé wọn wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gbéra.

Ìgbà wo ló dára jù?

Oṣù kejìlá sí oṣù kejì. Oṣù kẹta sí ìkarùn-ún gbẹ, ṣùgbọ́n oòrùn rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Oṣù kẹfà sí ìkọkànlá ni òjò àti ìjì líle. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde: ní Ọjọ́bọ̀ àti Ọjọ́ Ẹtì rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ló ń ti ilẹ̀kùn, àmọ́ àwọn ère ẹni mímọ́ tí mo sọ̀rọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan máa ń jáde sí títì.

Aṣọ, bàtà, fọ́tò?

Ẹ bo èjìká àti orúnkún tí ẹ bá máa wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bàtà tó rọrùn láti bọ́, torí àwọn ilé kan ò fẹ́ bàtà lórí pákó wọn. Gogoro ẹlẹ́sẹ̀ ṣóńṣó kò tiẹ̀ yẹ rárá. Ẹ pa iná kámẹ́rà. Ẹ má jókòó sórí àga kankan láìjẹ́ pé wọ́n ní kí ẹ jókòó.

Ṣé mo nílò físà?

Tó bá jẹ́ pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ mú lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ́ńbásì wọn wà ní Abuja. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí àkókò tó fún yín.

Ṣé òfin ń dáàbò bo àwọn ilé yìí?

Òfin wà. Republic Act 10066, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2010 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2023, sọ pé ilé àjogúnbá kì í ṣe ohun tí ẹnì kan kàn lè jí lówùúrọ̀ kó wó. Ó jẹ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ìrora kọ́: ní 2000 wọ́n wó ilé Jai Alai ti Manila, ilé eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá mọ́ ògiri, tó ti wà láti 1940, lójú àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀. Òfin kò sì lè dá iná dúró. Ní oṣù karùn-ún 2023, iná jó ilé ìfìwéránṣẹ́ àgbà ti Manila, iṣẹ́ Juan Arellano, ní gbogbo òru. Iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn, Metropolitan Theater ti 1931, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwókù, wọ́n sì tún un ṣe, ó ṣí padà ní 2021.

Àríyànjiyàn tó gbóná jù ni ti Las Casas Filipinas de Acuzar ní Bagac, Bataan. Wọ́n tú àwọn ilé àtijọ́ palẹ̀ láti oríṣiríṣi ìlú, wọ́n kó wọn lọ sí etíkun, wọ́n sì tún wọn tò síbẹ̀ di ibi ìgbafẹ́. Àwọn kan ní bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ikán ni ì bá jẹ wọ́n tán. Àwọn mìíràn ní ilé tí wọ́n fà tu kúrò ní àdúgbò rẹ̀ ti di ẹrù lásán. Èmi lọ, mo gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú tí wọ́n ti kó ilé náà kúrò ni mo ń rò ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀.

Ṣé ó yẹ ká máa yin ilé tí amúnisìn kọ́?

Ọmọbìnrin àbúrò mi ló bi mí ní èyí, kò sì rọrùn. Òfin tí wọ́n ń pè ní *polo y servicios* ló fipá mú ọkùnrin ọdún 16 sí 60 láti ṣiṣẹ́ fún ìjọba ní 40 ọjọ́ lọ́dún. 1884 ni wọ́n tó dín in kù sí 15. Ọ̀pọ̀ òkúta ṣọ́ọ̀ṣì tí à ń yà ní fọ́tò, orí àwọn ọkùnrin yìí ló gbà dé ibẹ̀. Amọ̀nà kan tí kò dárúkọ wọn rí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ wà lára àwọn tí mo bá rìn. Mo ní láti bi í léèrè.

Ṣùgbọ́n inú irú ilé yìí náà ni àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ti pète òmìnira. Ẹ lọ sí Kawit ní Cavite, ẹ wo ilé Emilio Aguinaldo, olórí àwọn tó jà fún òmìnira. Láti ojú fèrèsé rẹ̀ ni wọ́n ti ka ìwé ìkéde òmìnira ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà 1898. Ilé náà kún fún ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ àti ọ̀nà àbẹ́lẹ̀. Onílé tó mọ̀ pé wọ́n ń wá òun ló ń gbé ibẹ̀. Bákónì tí àwọn èèyàn ń tọ́ka sí báyìí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yìn náà ni wọ́n fi kún un. Ní Taal ní Batangas, ẹ máa rí ilé ìdílé Marcela Agoncillo, obìnrin tó rán àsíá àkọ́kọ́ ní Hong Kong.

Kí ni mo lè rà bọ̀?

Ní Vigan, aṣọ *abel* tí wọ́n ń hun lórí òfì onígi. Ó fúyẹ́, ó sì máa ń pẹ́ lára. Ìkòkò *burnay* náà dára, dúdú, ó le kankan, òun ni wọ́n ń pọn ọtí kíkan sí. Mo ra ọ̀kan tó tóbi tó orí ọmọ ọdún mẹ́ta. Ẹ má ṣe bíi tèmi: ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi ló jókòó sí nínú mọ́tò padà sí Manila, ní gbogbo òru.